Àwọn Ọba Tí Mo Wẹ̀

Bàbá bàbá mi kì í jẹ́ kí èèyàn nu tábìlì níwájú wọn. Bí mo bá ti mú aṣọ ìnutábìlì dé, wọ́n á dìde, wọ́n á wọ yàrá wọn lọ, wọn ò sì ní jáde títí n ó fi parí. Mo rò pé eruku ni wọn ò fẹ́ fà símú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá wọn gbé ní Laurelton ní New York, nínú ilé oníbíríkì tí àwọn àti ìyá àgbà rà nígbà tí agbára ṣì wà, mi ò sì bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló dé.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé wọn. Àwọn ọmọ wọn ti tẹ ìyẹn sínú ìwé ìsìnkú: ìlú tí wọ́n ti bí wọn, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n lọ, ọdún tí wọ́n wọ bàálù wá sí New York. Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀. Èmi náà bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n sọ nípa Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà tí kì í ṣe òótọ́. Gbogbo ìjọ gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí èmi ni mo fà á.

Bàbá ń kó owó fàdákà àtijọ́ jọ. Kì í ṣe owó ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Owó Jámánì ni, láti ayé ìgbà tí Jámánì ò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọba tirẹ̀, tí ọba kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ ojú ara rẹ̀ sára fàdákà. Táálà ni orúkọ owó náà. Ó tóbi, ó wúwo. Bí o bá gbé ẹyọ kan lé àtẹ́lẹwọ́, wàá mọ̀ pé o gbé nǹkan. Mọ́kànlélógójì ni Bàbá ní, nínú àpótí onígi pẹlẹbẹ kan tó ní dúrọ́ọ̀ mẹ́ta, aṣọ pupa nínú, ihò kọ̀ọ̀kan fún owó kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á wọ táì, wọ́n á sì jókòó síwájú fèrèsé pẹ̀lú gíláàsì kékeré tó ń sọ ohun tíntìn-ín di ńlá. Táì o, nínú ilé. Bí mo bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ, wọ́n á ní, “Mò ń lọ kí ọba.”

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, wọ́n na ẹyọ kan sí mi kí n wò ó. Mo gbà á bí èèyàn ṣe ń gba ṣéńjì lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, àtàǹpàkò mi bò ó lójú pátápátá.

“Àlàkẹ́! Etí ẹ̀ ni kó o mú! Etí, etí!”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ó ń jáni jẹ.”

“Kò jáni jẹ. Ìwọ náà, bó o bá wọ ààfin Aké, ṣé wàá na àtàǹpàkò tẹ Kábíyèsí nímú?”

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìka méjì gba owó náà létí, wọ́n dá a padà sínú ihò rẹ̀, wọ́n ní, “A kì í fọwọ́ kan ojú ọba.”

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ nínú ilé alájà púpọ̀ kan ní Manhattan. Àwọn ni wọ́n ń nu ilẹ̀kùn idẹ ẹnu ọ̀nà, àpótí lẹ́tà, irin ìdìmú àtẹ̀gùn, àti bọ́tìnì inú ẹ́lífétọ̀, láràárọ̀, kí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó máa jáde. Ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn ò nà tán mọ́ nítorí rẹ̀. Ní àjà kẹsàn-án, opó ará Jámánì kan wà, tí ọkọ rẹ̀ ti kó owó àtijọ́ jọ nígbà ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí opó náà ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ẹ́lífétọ̀ bàjẹ́, Bàbá sì fẹsẹ̀ gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó fi táálà kan sí wọn lọ́wọ́, ti ọba Sásónì, ọ̀kan lára àwọn ilẹ̀ Jámánì àtijọ́. Owó náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ wúrà á máa rìn lára rẹ̀. Opó náà sọ fún wọn pé, “O ti nu gbogbo nǹkan inú ilé yìí. Jọ̀ọ́, má nu èyí.”

Bàbá sọ ìtàn yìí fún mi tó ìgbà mẹ́wàá. Ó ti mọ́ mi létí bí ìró fíríìjì, èyí tí èèyàn kì í gbọ́ mọ́ tó bá ti pẹ́ nínú ilé. Màá máa ká yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ mi, tàbí kí n máa wo fóònù, màá sì máa dáhùn, “Ẹn, Bàbá. Ẹn.” Ìdajì àkọ́kọ́ ni mo máa ń gbọ́, ibi ẹrù àti àtẹ̀gùn. Ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi ń parí rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tó gbọ́ ọ: “Gbogbo nǹkan tó wà ní Manhattan ni mo ti nù, Àlàkẹ́. Èyí nìkan ni mi ò nù.”

Nínú àwa Yorùbá, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń bá Bàbá jiyàn lórí àpótí yẹn: Ìyá Ṣèyí, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó gbé ọbẹ̀ wá fún Bàbá ní Sátidé kan, ó bá wọn nídìí fèrèsé pẹ̀lú táì lọ́rùn.

“Bàbá, ẹ tún ti kó òkú òyìnbó síta.”

“Òkú tèmi kì í bá mi jà. Alààyè tìẹ ńkọ́?”

“Ó dáa o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa ọmọ Ẹ̀gbá pọ̀ mọ́ ọba Jámánì?”

“Abẹ́òkúta nìkan, ọba mélòó ló wà níbẹ̀?”

Ìyá Ṣèyí gbé ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀, ó fi ìka kà á. “Aláké. Olówu. Àgùrá. Ọ̀ṣilẹ̀. Mẹ́rin.”

“Ìlú kan, èdè kan, ọba mẹ́rin. Ṣé ọ̀kan lè gba òmíràn láyè nínú ààfin tirẹ̀?”

“Ó tì o! Àbí ẹ fẹ́ dá ogun sílẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ làwọn wọ̀nyí náà. Nígbà tó yá, wọ́n ní káwọn parapọ̀, ó kéré tán lórí ọ̀rọ̀ owó. Gbogbo wọn gbà pé kí fàdákà jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ó wá ku ojú ta ni wọ́n máa tẹ̀ sí i lára. Hẹ̀n-ẹ́n! Kálukú ní tòun ni.”

“Yorùbá ni wọ́n jàre!” Ìyá Ṣèyí rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nu omijé. “Ìwọ̀n wa dọ́gba,” ni wọ́n sọ. “Ojú nìkan la ò lè fi sílẹ̀ fún ara wa.”

Ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́ ni Mísítà Wọ́tà, òyìnbó arúgbó kan tó ń gbé ní Tompkinsville, ní Staten Island. Inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ni wọ́n ti pàdé, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Sátidé méjì-méjì ló máa ń wá: fẹ́rì, sọ́bùwéè, bọ́ọ̀sì, ó lé ní wákàtí méjì. Torí pé orúkọ rẹ̀ dún bí omi lédè Gẹ̀ẹ́sì létí Bàbá, Omi ni wọ́n sọ ọ́. “Omi ti dé o, Àlàkẹ́, gbé tíì kaná!” Ó mọ̀ pé òun ni Omi, ó sì ń jẹ́ ẹ. Kì í fi ṣúgà sí tíì.

Ìjà kan ṣoṣo tí mo rí láàárín wọn, torí Mísítà Kálù ni. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni òun náà. Ó ti ki táálà kan bọ inú oògùn tí wọ́n fi ń fọ fàdákà kó lè máa dán bíi tuntun, ó sì gbé e wá fi yangàn ní ìpàdé. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò kí i mọ́. Ọdún méjì gbáko: bí Mísítà Kálù bá ní “ẹ káàsán,” ògiri ni Bàbá á máa wò. Mísítà Wọ́tà wá bẹ̀bẹ̀ fún un. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n bí ó ṣe lọ nìyí.

“Owó rẹ̀ ni. Ó lè ṣe é bó bá ṣe wù ú.”

“Ó bó o láwọ̀,” ni Bàbá dáhùn. “Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí fàdákà yẹn fi hu ewú. Ìṣẹ́jú kan ló fi fá a. Bí wọ́n bá fi dáì kun orí rẹ báyìí, ṣé wàá padà di ọmọ ogún ọdún ni?”

Mísítà Wọ́tà fọwọ́ pa àárín orí rẹ̀, tó pá kodoro. “Orí wo?”

Mo rẹ́rìn-ín láti kíṣìnì. Bàbá yíjú sí mi, wọ́n bọ́ sí Yorùbá. “Ṣó o ń gbọ́, Àlàkẹ́? Ewú ni. Kì í ṣe ìdọ̀tí.”

“Ẹn, Bàbá,” ni mo wí. Mò ń kọ ohun tí mo fẹ́ rà lọ́jà sórí bébà. Mo gbọ́ ewú, mo rò pé orí Mísítà Wọ́tà ni wọ́n ṣì ń sọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, omi kún ẹ̀dọ̀fóró Bàbá. Wọ́n gbà wọ́n sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọwọ́ pè mí sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Àlàkẹ́, bá mi tọ́jú àwọn arúgbó yẹn.”

“Arúgbó wo, Bàbá?”

“Àwọn inú àpótí.”

Ikọ́ dé, nọ́ọ̀sì wọlé, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Mo ti yí gbólóhùn yẹn síhìn-ín sọ́hùn-ún tó pọ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mi ò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n mo gbọ́ Yorùbá. Mo mọ̀ pé èèyàn lè sọ pé “tọ́jú owó yìí,” kó jẹ́ pé fi pa mọ́ ló ní kó o ṣe. Ohun tí Bàbá ní lọ́kàn nìyẹn: kí n máa ṣọ́ àpótí, kí òtútù má wọ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé wọn ni. Bí ọ́fíìsì bá pè mí pé kí n lọ tọ́jú arúgbó kan, ìwẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́. Oògùn tẹ̀ lé e, oúnjẹ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìwẹ̀ ló ṣáájú. Bàbá sọ “tọ́jú,” wọ́n sì sọ “arúgbó.” Mi ò bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wí. Mo ti gbọ́ iṣẹ́ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè ni, ọjọ́ ìsinmi mi. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àánú àwọn owó náà ṣe mí, bí gbogbo wọn ṣe dúdú tó. Mo sọ sínú ara mi pé ojú Bàbá ti di bàìbàì, wọn ò mọ̀ pé ìdọ̀tí ti bò wọ́n. Mo gé ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta, mo po iyọ̀ àti sódà tí a fi ń yan kéèkì mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe ń fọ ṣíbí àlejò. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun. Mo fọ ojú, mo fọ ẹ̀yìn, mo fọ etí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi táwẹ́lì funfun nù wọ́n. Bí mo ṣe ń ṣe é, mò ń kọrin ìyìn. Omi inú abọ́ dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ mẹkáníìkì, mo sì ń dà á nù pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí mo parí, owó mọ́kànlélógójì ń dán yanran bí ṣíbí inú ìsọ̀. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́: “Wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.” Ó fi àtàǹpàkò mẹ́ta dáhùn.

Bàbá dé láti ọsibítù ní ọjọ́ Fraidé. Ní Sátidé, Mísítà Wọ́tà wá kí wọn. Bàbá fọ ọwọ́, wọ́n ní kí n bá wọn so táì. Èmi fúnra mi ni mo gbé àpótí wá. Mo lọ gbé tíì, mo sì padà dúró ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, mò ń retí kí wọ́n yìn mí.

Bàbá fa dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bà á, ó tàn sí àjà.

Ọwọ́ wọn dúró lórí dúrọ́ọ̀. Mísítà Wọ́tà tẹ orí ba, ó fa dúrọ́ọ̀ kejì, ó fa ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ojú ẹni tó wọ yàrá tó bá òkú níbẹ̀. Ojú rẹ̀ yẹn ni mo fi mọ̀ pé mo ti ṣe nǹkan, kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

“Ta ló ṣe èyí?” ni ó béèrè. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

Bàbá náà wò mí. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú owó tí opó yẹn fún wọn, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojú ọba náà mọ́lẹ̀ gbọnrangandan, níwájú ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì ní, “Èmi ni mo fọ̀ wọ́n.”

“Ìwọ?”

“Kí n tó lọ sí ọsibítù. Ó wù mí kí n rí i kí wọ́n dán lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú.”

“Ìwọ! Ìwọ tó ò kí Kálù fún ọdún méjì!”

“Ọjọ́ orí ni, Omi. Ọjọ́ orí máa ń sọ èèyàn di òmùgọ̀.”

Mo gbé tíì sílẹ̀. Mo bi Mísítà Wọ́tà bóyá yóò fi ṣúgà sí i.

Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ dárí jì mí, mi ò mọ̀.” Wọ́n tú táì wọn fúnra wọn, wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé orí itan. Wọ́n ní, “Mo ní kó o tọ́jú wọn, o sì tọ́jú wọn. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Èdè wa ló fẹ̀ jù.”

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, mi ò bá má kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n Mísítà Wọ́tà sọ fún àwọn ẹgbẹ́. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà; ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ lójú ni ó sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, fóònù ilé dún. Bàbá ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ohùn fóònù wọn máa ń ròkè débi pé mo ń gbọ́ ọ láti kíṣìnì.

“Kálù ni o! Mo gbọ́ pé ìwọ náà ti fọ̀ wọ́n! Káàbọ̀, ọ̀rẹ́ mi, káàbọ̀ sọ́dọ̀ àwa ẹlẹ́ṣẹ̀!” Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín gidi.

“O ṣé, Kálù,” ni Bàbá wí. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. “Báwo ni ìyàwó rẹ?”

Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Bàbá bá a rẹ́rìn-ín. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré sí wọn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni mo nílò: èmi ni mo fọ̀ wọ́n. Mi ò sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, mo sọ fún ara mi pé mi ò fẹ́ dójú ti àwọn àgbà méjì. Irọ́ ni. Ojú ara mi ni mò ń dáàbò bò.

Bàbá gbé oṣù méje sí i. Wọn ò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, wọn ò sì wọ táì mọ́ ní Sátidé. Mísítà Wọ́tà ń wá bó ṣe ń wá. Bọ́ọ̀lù àti ẹsẹ̀ ríro ni wọ́n fi ń tàkúrọ̀sọ. Bàbá kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo wẹ̀ wọ́n tán, kí n tó bá wọn wọ ẹ̀wù.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe Mísítà Wọ́tà kó wá sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní kò sí olóòótọ́ bíi Bàbá nínú ẹgbẹ́ wọn, àti pé ẹni tó bá fi ọṣẹ kan owó àtijọ́, Bàbá lè lé e dé Brooklyn. Ó wá ní, “Ẹ sì wò ó o, nígbà tó darúgbó tán, òun fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo mọ́kànlélógójì, ó wẹ̀ wọ́n bí ọmọ tuntun! Ọjọ́ orí ò mọ ọ̀mọ̀ràn.” Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣèyí lu itan. Àwọn àǹtí mi rẹ́rìn-ín tí omijé fi ń bọ́. Mo wà ní ìjókòó kejì láti iwájú. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi. Mo lè rí ọ̀rọ̀ sọ fún dídákẹ́. Mo lè ní ẹ̀rù bà mí, mo lè ní àkókò kọjá. Ṣùgbọ́n kí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín níwájú pósí ẹni tó gba ẹ̀bi rẹ̀ rù, mi ò rí orúkọ tí mo lè pè é.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wọ fẹ́rì lọ sí Tompkinsville. Mísítà Wọ́tà ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un lórí ìdúró, kí n má baà rí ààyè padà.

“O jẹ́ kí n fi í ṣe yẹ̀yẹ́,” ni ó wí. “Níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Níwájú pósí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?”

“Ojú ń tì mí, sà.”

“Ojú tì ọ́ títí ó fi kú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Kò ní kí n jókòó, kò sì lé mi. Ó mú bírò, ó kọ nǹkan sórí bébà, ó nà án sí mi. Àdírẹ́sì ilé-ìkàwé kan ní Queens ni, àti aago. “Èmi nìkan kọ́ ni mo gbọ́ irọ́ yẹn,” ni ó wí. “Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa.”

Mi ò sọ̀rọ̀ níwájú èrò rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní kí n ka Bíbélì, ọ̀fun máa ń dùn mí lọ́jọ́ náà. Inú yàrá ìsàlẹ̀ ilé-ìkàwé ni wọ́n ti ń pàdé: àgbà ọkùnrin méje, obìnrin kan, àti tábìlì gígùn tí wọ́n tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé sí. Mísítà Wọ́tà ní kí n dìde. Mo dìde.

“Èmi ni ọmọ ọmọ rẹ̀,” ni mo wí. “Èmi ni mo fọ àwọn táálà yẹn nígbà tó wà ní ọsibítù. Kò mọ̀ títí ó fi ṣí àpótí. Irọ́ ló pa fún yín, torí tèmi ló sì ṣe pa á. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń pa á, mi ò sọ̀rọ̀.”

Ọkùnrin kan tó wọ fìlà aláwọ̀ eérú ló kọ́kọ́ fọhùn, mo sì dá ohùn rẹ̀ mọ̀ kí wọ́n tó pè é ní Kálù.

“Lọ́jọ́ tí mo pè é lórí fóònù, ṣé o wà nílé?”

“Mo wà ní kíṣìnì, sà.”

“Mo rò pé ó ti dárí jì mí ni. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ó ti dárí jì mí.” Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú. “Kí ló ṣe nígbà tí mo pa fóònù?”

Mo lè sọ pé Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rọrùn, gbogbo wa ì bá sì lọ sílé. Mo ní, “Kò gbé fóònù sílẹ̀, sà. Ó gbé e lé orí itan, ó ń dún píì, píì, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù. Èmi ni mo lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mísítà Kálù tẹ orí ba. Mísítà Wọ́tà fa àga kan sún mọ́ ẹ̀yìn mi, ó fọwọ́ lù ú pé kí n jókòó. Mi ò jókòó. Obìnrin tó wà ní ìparí tábìlì ti na ọwọ́ sókè, ó fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, mo sì fẹ́ dá a lóhùn lórí ìdúró.